Owó tip ní Houston: kí ẹ tó wá dirun níbí

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó Màmá. A dúpẹ́ pé físà yín jáde. Níwọ̀n bí ẹ ti ní Houston níbí ni ẹ ó ti dirun tí ẹ ó sì ti ṣe èékánná kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó tip fún yín, ìyẹn owó tí oníbàárà ń fi kún owó iṣẹ́ fún ẹni tó ṣe é.

Nílé, bí iṣẹ́ onídìrí bá wù yín, ẹ lè ní kó mú ṣéńjì. Ẹ̀bùn nìyẹn. Níbí, ara owó iṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Láti ọdún 1991 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti gbà kí onílé oúnjẹ máa san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, iye yẹn náà ni Texas ń lò. Tip ló yẹ kó gbé e dé dọ́là 7.25 tí òfin ní kí òṣìṣẹ́ máa gbà, bí kò bá sì tó, ọ̀gá ló máa fi kún un. Ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dirun ló ń háyà àga lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù, tàbí kí wọ́n jọ máa pín owó irun kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ ka tip mọ́ owó irun yín láti ilé.

Ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fún onídìrí. Ibi tí àwọn èèyàn wa ti sábà máa ń ṣe àṣìṣe ni owó àsansílẹ̀, ìyẹn deposit. Ká ní irun jẹ́ dọ́là 200, tí ẹ ti fi 50 ránṣẹ́ nígbà tí ẹ mú ọjọ́, 150 ló kù. Orí 200 ni ẹ ó ti ṣírò tip, kì í ṣe orí 150. Ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ 40, torí náà 190 ni kó wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ta attachment fún yín lọ́tọ̀, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò, iṣẹ́ ọwọ́ là ń san tip lé lórí, a kì í san án lórí ọjà. Bí ẹni méjì bá jọ di orí yín, ẹ pín in fún wọn lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ onísọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló dì í, kò di dandan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ń fún un báyìí.

Bó bá ń fà yín lórí, pàápàá lẹ́bàá etí àti níwájú orí, ẹ má dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ nígbà tó bá ṣì wà lórí ìlà kìíní tàbí ìkejì, torí bó bá parí tán, kò sí onídìrí tó máa fẹ́ tú iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà. Bí iṣẹ́ kò bá dára, ẹ lè dín tip kù sí ìdá 10, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Bí ẹ kò bá fún un ní nǹkan kan, tí ẹ kò sì sọ̀rọ̀, yóò kàn rò pé ẹ kò mọ àṣà ibí ni.

Ní ti èékánná, ẹni tó ṣe é gan-an ni kí ẹ fi owó lé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í fẹ́ kí ẹ fi tip sórí káàdì. Ẹ má kó ọgọ́rùn-ún dọ́là nìkan wá. Dọ́là kan-kan àti márùn-ún-márùn-ún ló wúlò.

Ní ilé oúnjẹ, orí iye tó wà kí wọ́n tó fi owó orí ìjọba kún un ni kí ẹ ti ṣírò. Bí oúnjẹ bá jẹ́ dọ́là 64, ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ 6.40, ẹ sọ ọ́ di méjì, ó di 12.80, ìdá 20 nìyẹn. Owó orí Houston, ìdá 8.25, yóò gbé oúnjẹ náà dé 69.28. Iye yìí ni báńkì máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì ni yóò di 82.08. Kì í ṣe olè, tip tí ẹ kọ sórí ìwé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un. Bó bá jẹ́ owó lọ́wọ́ ni ẹ fẹ́ fún wọn, ẹ fa ìlà sójú ibi tí wọ́n kọ “Tip” sí, kí ẹ sì kọ 69.28 sí “Total”. Bí ẹ bá pọ̀ tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wò ó bóyá “gratuity”, ìyẹn tip tí wọ́n ti fi kún un fúnra wọn, ti wà nínú bíìlì; bó bá wà, ẹ má san án lẹ́ẹ̀mejì.

Níbi tí ẹ ti dúró ra omi tàbí búrẹ́dì lórí káńtà, wọ́n lè yí ojú ẹ̀rọ sí yín pẹ̀lú 18, 20, 25. Ẹ tẹ “No Tip”, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má fún ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú ní pápákọ̀ òfurufú, tàbí nọ́ọ̀sì ní kọ́bọ̀. Owó tí ẹ bá nà sí ọlọ́pàá lè di ẹ̀sùn rìbá lójú ẹsẹ̀. Kódà ẹni tó ń pín lẹ́tà kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ̀bùn tí kò ju dọ́là 20 lọ nìkan ni òfin gbà fún un.

Ẹ fi àwòrán irun tí ẹ fẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí oṣù yìí tó parí, kí n lè bá yín béèrè iye rẹ̀ àti bóyá fífọ irun wà nínú owó náà. Ẹ bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín.