Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì ní Wuse

Àbúrò mi,

Wọ́n ní ẹ fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ owó oṣù nìkan ni gbogbo yín ń pariwo, ẹ ò mẹ́nu ba iye yàrá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rẹ́ yín jẹ.

Yàrá 14 lóòjọ́, wákàtí 8. Ìṣẹ́jú 480 nìyẹn. Ìṣẹ́jú 34 ló kan yàrá kan, láìjẹun, láìyàgbẹ́. Yàrá tí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde kì í gbà bẹ́ẹ̀: o ní láti gbé fóòmù sókè kí ṣíìtì tó wọ abẹ́ ẹ̀, o ní láti yọ irun lẹ́nu ihò omi, o ní láti nu dígí títí àmì ìka á fi tán. Kí iná wá lọ, kí líìfítì dúró, kí ẹ máa ru ẹrù aṣọ lórí àtẹ̀gùn! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, máa kọ ọ́ sílẹ̀: nọ́ńbà yàrá, ìgbà tó o wọlé, ìgbà tó o jáde. Ariwo ò ní bá mánéjà sọ̀rọ̀ tó ìwé yẹn.

Ta ló gbà yín síṣẹ́, òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni àbí agbaṣẹ́ṣe? Láàárín oṣù mẹ́ta ló yẹ kí ìwé àdéhùn iṣẹ́ tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Owó oṣù tó kéré jù ti di ₦70,000 láti 2024, ṣùgbọ́n òfin náà ò mú ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń sanwó fún níye iṣẹ́ tó bá ṣe. Tí wọ́n bá wá ní àwọn á máa san owó yàrá kọ̀ọ̀kan, má gbà o. Oyin orí ìdẹ ni.

Aṣọ ìnura tó sọnù tí wọ́n ń yọ lára owó yín ńkọ́? Àìbìkítà tàbí àmọ̀ọ́mọ̀ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ló lè mú un wá, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i kí wọ́n tó yọ kọ́bọ̀.

Ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, èyí tó wà lábẹ́ NLC. Ẹ̀yin nìkan ò lè jí lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ yanṣẹ́ lódì: ìpẹ̀tù àti ìdájọ́ onílàjà wà níwájú, ẹ sì gbọ́dọ̀ dìbò kí èyí tó pọ̀ jù nínú yín gbà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi yanṣẹ́ lódì, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó rẹ̀. Nítorí náà owó àjọ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá jọ, torí onílé yín ní Mararaba ò ní dúró. Ní Paris, àwọn bí 20 tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Batignolles, ọ̀pọ̀ wọn obìnrin tó wá láti Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní July 2019. May 2021 ni wọ́n tó fẹnu kò. Agbaṣẹ́ṣe ló gbà wọ́n, bó ṣe lè jẹ́ tiyín náà. Àpótí owó ìyanṣẹ́lódì ni wọ́n fi ń jẹun. Ọ̀kan nínú wọn, Rachel Keke tí wọ́n bí ní Ivory Coast, di aṣòfin ní 2022.

Ya fọ́tò ìwé àdéhùn rẹ, kó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ yìí. Orúkọ tó wà lókè ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ