Ìfìyàjẹ kì í ṣe ìjà, ẹ yé parí rẹ̀ bí ìjà

Sí Olóòtú,

Bí sáà tuntun bá ti wọlé báyìí, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pírámárì ní Ìkòròdú yóò bọ́ sí JSS 1. Àwọn tó jẹ́ àgbà ilé-ìwé lánàá yóò di ẹni tí gbogbo sinyọ ń rán lọ pọn omi. Àsìkò yìí gan-an ni ìfìyàjẹ láàrin àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń gbilẹ̀, bí a sì ṣe ń yanjú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń dá kún un.

Wọ́n á pe ọmọ tó ń fìyà jẹni àti èyí tó ń jẹ ìyà síwájú ọ́fíìsì, wọ́n á ní kí àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí. Bí wọ́n ṣe ń parí ìjà nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dan Olweus, tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Sweden àti Norway láti àwọn ọdún 1970, fi ohun mẹ́ta dá ìfìyàjẹ mọ̀: ẹni tó ń ṣe é ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó ń ṣe é léraléra, ẹni tó ń ṣe é sí kò sì lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé agbára wọn kò dọ́gba. Agbára tí a ń wí yìí lè jẹ́ ti ara, ti kíláàsì, ti iye ọ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹni, tàbí ti fótò ìtìjú kan tó wà lórí fóònù. Bí ẹ bá mú ọmọ tí agbára rẹ̀ kò tó dúró síwájú ẹni tó ń lù ú pé kó sọ tẹnu rẹ̀, "kò sí nǹkan kan, sà" ni yóò sọ. Ẹ̀yìn géètì ni yóò ti san gbèsè ẹjọ́ tí ẹ bá a dá.

Ẹ gbọ́ tẹnu wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó jẹ ìyà ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, níbi tí ojú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tó. Kí ló ṣẹlẹ̀, níbo, nígbà wo, ta ló wà níbẹ̀? Ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò gbá a padà. Bó bá lè gbá a padà ni, kò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan tó lẹ́yìn líle: ọjọ́, aago, ibi, orúkọ àwọn tó ń wòran, àti ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìwé yìí ni yóò jẹ́ kí ẹ rí i pé ohun tí tìṣà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pè ní eré ọmọdé, ọwọ́ ọmọ kan náà ló ti ń wá. Ẹni tó gba owó mọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a padà. Òbí rẹ̀ á wá lọ́jọ́ tí òbí ẹnì kejì kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún pe ọmọ tó jẹ ìyà. Ẹ pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ pè é lẹ́yìn oṣù kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń já a sílẹ̀.

Ẹgba lórí àsẹ́ńbílì ńkọ́? Ó ń sọ ẹni tí wọ́n nà di akọni lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń kọ́ gbogbo èrò tó wà lórí ìlà pé ẹni tó bá lágbára jù ló ń nani.

Ẹ tún wo ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ ya àwòrán ọgbà ilé-ìwé sórí bébà, ẹ há a fún kíláàsì kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi àmì sí ibi tí ẹ̀rù ti ń bà á, láìkọ orúkọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìdí ẹ̀rọ omi, ẹ̀yìn kíláàsì tó kángun, àti ojú ọ̀nà tó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ kórópe ni àmì sábà máa ń pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni kí tìṣà tó ń ṣọ́ ọgbà dúró sí, kì í ṣe abẹ́ igi iwájú ọ́fíìsì.

Àwọn òǹwòran ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Ní Toronto, àwọn olùwádìí fi kámẹ́rà ṣọ́ àwọn ọmọ níbi ìṣeré. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọ kan, ẹgbẹ́ wọn dá sí i ní bí ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún péré, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dá sí i, ó ju ìdajì lọ tó dáwọ́ dúró láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 10. Kò pọn dandan kí ọmọ bá sinyọ wọ̀jà. "Wá, tìṣà ń pè ọ́" ti tó láti yọ ọ̀rẹ́ kúrò níbẹ̀. Àmọ́ a ti fi orúkọ amẹ́bọ̀ dí wọn lẹ́nu láti kékeré, nítorí náà ẹ sọ fún wọn lójú gbogbo kíláàsì pé ẹni tó bá wá sọ pé wọ́n ń lu ẹlòmíràn kò ṣòfófó.

Ẹ̀yin òbí, inú rírun ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ebi àpafẹ́ẹ̀kú lẹ́yìn tí ẹ ti fún un lówó oúnjẹ, ìwé tó ń sọnù, ọ̀nà tuntun tó ń gbà wálé: ẹ má fi ìkankan ṣeré. Bó bá jẹ́ lórí WhatsApp ni, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má fèsì. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn, kí ẹ tó dí ẹni náà. Ẹ yéé sọ fún un pé kó fara dà á, òun náà á di sinyọ. Báyìí ni a ṣe ń tọ́ ẹni tí yóò fìyà jẹ àwọn JSS 1 ọdún mẹ́ta sí i. Ní Ìkòròdú tiwa yìí, a mọ irú ẹgbẹ́ tó máa ń ṣèlérí ààbò fún ọmọ tí kò rí olùgbèjà.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, kò fàyè gba kí wọ́n ṣe ọmọ léṣe, ìbáà jẹ́ lára tàbí lọ́kàn. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ àkọ́kọ́ nínú sáà yìí ń bọ̀. Owó lẹ́sìn àti yúnífọ́ọ̀mù ló máa ń gba gbogbo àkókò níbẹ̀. Kí ẹ tó dé orí owó, ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé ẹlẹ́yìn líle yẹn wá kí ẹ rí i. Bí kò bá sí, ẹ dá owó rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa kọ ọ́ kí ìpàdé tó tú.

Olùkọ́ atọ́nisọ́nà kan,
Ìkòròdú.