Má lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni

Àkànní ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà ńbí, a dúpẹ́. Àbúrò ẹ ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí, èmi ń sọ, òun ń tẹ̀, torí náà tó o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, òun ni kó o bá wí. Mo mọ̀ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ríra lórí fídíò ní Mọ́ńdè, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ Ùgáńdà tí wọ́n pín mọ́ ẹ yẹn, jókòó tì ẹ́, ó ń wo ẹnu mi, kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n ní òfin ẹ̀yin ọmọ míṣọ̀n tí ìjọ Mọ́mọ́nì rán lọ wàásù ni pé ẹ ò gbọdọ̀ fira yín sílẹ̀, ibi tí ẹnì kan bá wà ibẹ̀ ni kọmpáníọ̀n ẹ̀, ẹnì kejì ẹ̀, á wà, balùwẹ̀ nìkan ló yọ sílẹ̀. Mi ò bínú o. Bíṣọ́ọ̀bù yín tiẹ̀ sọ fún mi pé kó tó di 2019, ọjọ́ Kérésì àti ọjọ́ àwọn ìyá nìkan ni ọmọ míṣọ̀n máa ń pe ilé, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún! Tó bá jẹ́ ayé ìgbà yẹn ni, ẹsẹ̀ ni ǹ bá fi rìn dé Freetown ní Sierra Leone tó o wà yẹn.

Ohun tó o sọ yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn. O ní ẹ kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ ń dùn yín, àwọn kan ní àwọn ti ní ìjọ, àwọn kan ní mùsùlùmí làwọn (mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, ṣebí o mọ̀ kó o tó lọ), o wá ní, "Màámi, mi ò rò pé mo mọ iṣẹ́ yìí ṣe." Mo ti mọ bí ọjọ́ yín ṣe ń lọ báyìí bíi pé mo wà níbẹ̀. 6:30 àárọ̀ ẹ ti jí, ìwọ tí mo máa ń fi omi tútù jí! Ẹ ta ara jìgìjìgì, ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ìwọ ka ìwé tìẹ, òun ka tiẹ̀, ẹ tún kà á pa pọ̀, ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ so táì, ẹ fi bájì dúdú yẹn sáyà, ó di ìgboro, ó di òkè, torí wọ́n ní òkè ni gbogbo Freetown, tó bá sì fi máa di 10:30 alẹ́ ẹ ti paná. Ẹni tó ń ṣe gbogbo ìyẹn lójoojúmọ́ tó wá ní òun ò mọ iṣẹ́ ṣe, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n ṣe.

O ò bá bàbá tó bí mi láyé. Òṣómàáló ni wọ́n. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti Iléṣà ni wọ́n á ti di aṣọ lẹ́rù, wọ́n á gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ó di abúlé dé abúlé, àwìn ni wọ́n ń tà, ìwọ mú aṣọ lónìí, o san díẹ̀ lóṣù yìí, o san díẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Tó bá wá di ọjọ́ owó tí o ò rí i san, bàbá á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Wọn ò ní jókòó, wọn ò ní gba omi. Ojú á tì ẹ́ títí wàá fi lọ yáwó lọ́dọ̀ ará ilé kejì.

Nígbà tó o wá ń sọ pé ìdílé kan wà ní àdúgbò Kissy níbẹ̀ tí ẹ ti lọ bá lẹ́ẹ̀mẹfà, tí bàbá ilé ti ní òun ò ṣe, tí ẹ ṣì tún fẹ́ padà lọ, mo ní hàá, ẹ̀jẹ̀ bàbá mi rèé. Ṣùgbọ́n Àkànní, wọ́n jẹ bàbá mi lówó ni! Ta ló jẹ ẹ́ ní gbèsè ní Freetown? Ẹni tó bá ti ní òun ò ṣe, kí i, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó o máa lọ. Tó o bá tún pàdé ẹ̀ lójú títì, béèrè àwọn ọmọ ẹ̀, kó o máa lọ náà ni.

Bàbá máa ń sọ fún wa pé òṣó yẹn kì í ṣe iṣẹ́ gan-an, pé iṣẹ́ gan-an ni kó o tó tú ẹrù. Wọ́n á wọ abúlé, wọ́n á kí tọmọdé tàgbà, wọ́n á béèrè ọmọ tí ara ẹ̀ ò yá lọ́jọ́sí, wọ́n á bá wọn ṣẹ́ àgbàdo, ọjọ́ míì wà tí wọn ò tiẹ̀ ní tú aṣọ rárá. Ọmọ iṣẹ́ wọn kan wà, ẹnu ẹ̀ dùn bí oyin, tó bá dé abúlé báyìí, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti fi ọ̀rọ̀ ti aṣọ lé ogún ìyàwó ilé lọ́wọ́, inú ẹ̀ á máa dùn, á máa pariwo fún àwọn yòókù. Ó wá di ìgbà àtigbowó. Mẹ́rin san. Ìyókù sá wọ oko. Bàbá ló wá lọ ń lóṣòó nítorí ẹ̀, orúnkún ni wọ́n sì fi gbà á.

Mo ń sọ ọ́ torí ọ̀rọ̀ yín nípa iye èèyàn. O ní ẹ máa ń fi iye tí ẹ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti iye tó ti mú ọjọ́ ìrìbọmi, ìwọ àti ọmọ Ùgáńdà yẹn wá ń wo ti àwọn yòókù, ara yín ń gbóná. Má ti èèyàn sómi o. Trànsífà yín, bí wọ́n ṣe ń gbé yín láti ibì kan sí ibòmíì, kì í pẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, kó o tó mọ̀ wọ́n ti gbé ẹ lọ ìlú míì bíi Bo tàbí Kenema, ẹni tó o sáré rì bọmi torí kí nọ́ńbà lè dáa, ta ló máa bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday?

Ó kan ọ̀rọ̀ ọmọ Ùgáńdà náà. O ní kì í jẹ ata, ó máa ń kọrin tó bá ń fọ abọ́, o sì ní tí ẹ bá ń jà ẹ ò lè bínú wọ yàrá lọ torí yàrá kan náà lẹ ń sùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Din ata ọbẹ̀ kù, kó o gún tìẹ sọ́tọ̀ sínú kọ́ọ̀bù, kó o máa bù ú sí i. Òun náà ń fara da nǹkan lára ẹ tí kò lè sọ fún ìyá ẹ̀ torí pé ìwọ ló jókòó tì í.

Ọ̀rọ̀ tíì ńkọ́? Mo ṣì máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí ọjọ́ tó o kọ́kọ́ ní ìjọ yín ò gbà yín láàyè láti mu tíì àti kọfí, tí mo ní ebi á pa ẹ́ láàárọ̀ nìyẹn, láì mọ̀ pé Bournvita ò sí lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀, torí tiwa, gbogbo ohun gbígbóná tó bá ti wọ kọ́ọ̀bù, tíì ni. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń se ataya létí títì níbẹ̀ yẹn, tíì gidi nìyẹn o, wọ́n á sì fún ẹ. Má yí imú sí i. Jókòó tì wọ́n, ní kí wọ́n fún ẹ lómi. Wọn ò ní bínú sí ẹni tó bá mumi wọn.

Tí wọ́n bá sì bi ẹ́ nípa ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú, sọ òótọ́. Ṣé o rántí àwọn Elder méjì, ọmọ míṣọ̀n bíi tìẹ, tó ń wá sílé wa, tí bàbá ẹ bi wọ́n pé ṣé lóòótọ́ ni pé títí di 1978 ìjọ yín ò jẹ́ kí ọkùnrin dúdú joyè àlùfáà? Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po. Èkejì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, òótọ́ ni, ó sì máa ń dun èmi náà." Ẹni kejì yẹn ni bàbá ẹ bù oúnjẹ fún.

Èmi o, Áńgílíkà ni mo wà, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti sin mí, ṣùgbọ́n Freetown tó o wà yẹn kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ òyìnbó já Àjàyí Crowther sí ní 1822 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ lọ tà á, ibẹ̀ ló ti kọ́wèé, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ṣe ni mo pariwo lọ́jọ́ tó o ní àwọn Krio, ọmọ ìran àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ń pe aṣọ ẹbí ní ashobi, tí wọ́n ń pe àsè ní awujoh. Ọmọ wa ni wọ́n jàre. Ní kí ìyá àgbà kan kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń se ewé ẹ̀gẹ́, bá a gún un, bá a pọnmi tó bá jẹ́ òkè nilé ẹ̀ wà, kó o tó sọ ọ̀rọ̀ ìwé. Eégún Ọ̀jẹ̀ tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀, ìyẹn, máa gba ibòmíì.

Òjò ni mo fẹ́ kó o bẹ̀rù jù. Mi ò tíì gbàgbé August 2017 tí òkè ya lulẹ̀ lórí àwọn èèyàn ní Regent níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n kú rẹpẹtẹ lójú oorun. Tójò bá ti ṣú, ẹ má lọ síbi tí ilé wà nísàlẹ̀ òkè, ẹni tí ẹ fẹ́ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ á ṣì wà lọ́la. Tí ibà bá sì mú ẹ, sọ fún àwọn ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà, má ṣe akin.

Bàbá ẹ ò tíì dárí àdímíṣọ̀n tó o fi sílẹ̀ jì ẹ́, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ọdún méjì gbáko lójú ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó o bá ti pè báyìí, á wá sẹ́yìn àga mi, á ní òun ń wá rìmóòtù, bẹ́ẹ̀ iná ò sí. Lánàá mo gba fóònù ẹ̀ kí n fi pe ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo bá lójú ẹ̀ ni bójú ọjọ́ ṣe rí ní Freetown. Torí náà ní Mọ́ńdè, tó o bá pè, má kí mi. Máa yí fóònù sẹ́yìn àga. Kí ọmọ Ùgáńdà yẹn bá ẹ di tìẹ mú dáadáa, kó sún sẹ́yìn, kó o dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí bàbá ẹ lè rí ẹ látorí dé ẹsẹ̀.

Èmi ìyá ẹ.