Ẹ kọ́kọ́ yẹ RAM wò kí ẹ tó ní bọ́ọ̀dù ti kú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílùú Ìbàdàn níbí ni mo gbé wá. N kò fẹ́ bú ẹnikẹ́ni, àmọ́ ohun tí ojú mi rí dùn mí wọ egungun.

Àgbòwó ni mo ti ń tẹ̀wé, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Project àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni oúnjẹ wa. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo ní, tòkunbọ̀ sì ni gbogbo wọn. Lọ́dún tó kọjá, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wèrè. Ẹ ó máa tẹ̀wé lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ á ṣàdédé di búlúù, á kú, á tún tan ara rẹ̀. Ó sì lè ṣe dáadáa fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, kí n ti máa dúpẹ́.

Mo gbé e tọ tẹkiníṣíà kan lọ. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, ó fi Windows tuntun sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní háàdì dísíìkì ni. Mo ra òmíràn. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ló bá ní bọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀rọ so mọ́, ló kú, kí n lọ wá owó wá. Mo ní báwo lo ṣe mọ̀? Ó ní, “Mọ́mì, ìrírí ni.”

Ti owó ṣì kéré. Ọmọbìnrin kan gbé project rẹ̀ wá, orí márààrún pé. Mo dà á láti orí fíláàṣì rẹ̀ sórí ẹ̀rọ yìí, mo bá a tò ó, mo dà á padà. Lọ́jọ́ kejì, fáìlì náà kọ̀, kò ṣí mọ́. Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, kò sunkún, ó kàn ń wo ilẹ̀. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi la fi odidi òru kan tún un tẹ̀ láti inú bébà tí ọ̀gá rẹ̀ ti fi bírò pupa fa ìlà sí.

Ọmọ àbúrò mi ló tú àṣírí. Ọjọ́ Àìkú ló wá kí mi. Ó fi fíláàṣì tó gbé Ubuntu sí (irú Linux kan tí wọ́n ń lò dípò Windows) tan ẹ̀rọ náà, ó ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ó kọ free -h láti mọ bí àyè tó ṣófo nínú RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ṣe pọ̀ tó. Ó fi dátà fóònù rẹ̀ gba memtester, ètò tó ń yẹ RAM wò, wálẹ̀, ó wá kọ: sudo memtester 4G 3. Ìyẹn ni pé kó yẹ 4GB wò nínú 8GB tó wà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rèé. Bí ẹ bá rán ọmọ lọ sọ́jà Bódìjà, ẹ ó ní kó tún ohun tí ẹ rán an wí: ata, tàtàṣé, àlùbọ́sà. Bó bá ní ata, tàtàṣé, iyọ̀, ẹ ti mọ irú ọmọ tí ẹ fẹ́ rán. Nọ́ńbà ni àṣẹ yìí ń kó sínú RAM, á tún kà wọ́n padà, á wò ó bóyá wọ́n bára mu. Ok, ok, ok ló ń kọ lọ. Nígbà tó dé ìdánwò tó ń jẹ́ Bit Flip, ó kọ FAILURE gàdàgbà.

Ó ní ibi kan péré ló bàjẹ́ nínú RAM ọ̀hún. Àfi bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mímì nínú ṣọ́ọ̀ṣì: ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá jókòó sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí ọjọ́ mẹ́ta tó dára. Fáìlì tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá lè yí padà láìpariwo.

Memtester kì í lè dé ibi tí Ubuntu fúnra rẹ̀ ń lò, nítorí náà ok rẹ̀ kò tíì tó búra. A fi Memtest86+ sórí fíláàṣì mìíràn, èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí Windows tàbí Ubuntu rárá. RAM 4GB méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà. A fi ẹ́rásà nu ẹnu wọn, a dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gba wákàtí bíi mélòó kan. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì la bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan mọ́ tónítóní. Èkejì, àṣìṣe pupa ló ń kọ, kódà nígbà tá a gbé e sí ihò kejì. A yọ ọ́ dànù. Láti ìgbà náà, ojú búlúù kò tún yọ sí wa mọ́. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní ó kú ni mo fi tẹ lẹ́tà yìí.

Ẹ̀yin tẹkiníṣíà, ọ̀fẹ́ ni àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tí kò bá gbọ́ Linux, kó tẹ mdsched.exe nínú Windows, á tún ẹ̀rọ tàn, á sì yẹ RAM wò. Ẹ fi èsì rẹ̀ hàn wá kí ẹ tó dárúkọ bọ́ọ̀dù.

Ní Sátidé tó kọjá, tẹkiníṣíà ọjọ́sí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n jọ̀ọ́ yá òun ní fíláàṣì yẹn, ẹ̀rọ oníbàárà òun kan ń ṣe bíi tèmi. Mo yá a. Mo ní kó dá a padà kílẹ̀ tó ṣú.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì atẹ̀wé,
Àgbòwó, Ìbàdàn.