Ẹ Pe Ọdún Ọlọ́dún ní Orúkọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ Ajílété, nílé àti lájò,

Mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ sọ ọ́ nígbà tí ọdún kankan kò tíì kanlẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun gan-an ni mò ń bá wí. Ọ̀rọ̀ ìkíni ọdún ni.

Mo rí àwọn kan nínú yín tó jẹ́ pé ìkíni kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù wọn. Wọ́n á kọ "Happy Holidays" tàbí "Compliments of the season", wọn ò ní dárúkọ ọdún kankan, kó má baà bí ẹnikẹ́ni nínú. Mo tún rí àwọn tó jẹ́ pé bí ọdún kò bá ti jẹ́ ti ẹ̀sìn wọn, wọn kì í lanu rárá. Wọ́n á gba iwájú ilé ẹni tó ń pa àgbò Iléyá kọjá bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé ahoro.

Ìkíni tí kò dárúkọ ọdún ní ibi tó ti wúlò. Ní Amẹ́ríkà, Kérésìmesì nìkan kọ́ ló ni oṣù Kejìlá. Àwọn Júù máa ń ṣe Hanukkah wọn fún alẹ́ mẹ́jọ. Ní 2024, alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú kan níbẹ̀ sì ń ṣe Kwanzaa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, láti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ kìíní ọdún. Ẹni tó ń gbowó nínú ilé ìtajà ńlá kò mọ ẹni tó dúró síwájú rẹ̀, kò mọ ibi tó ti ń jọ́sìn. Bó bá kí i ní ìkíni tó kárí gbogbo ènìyàn, ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ ẹni tí ẹ ń kí! Àlàájà tó ń bu ọbẹ̀ fún yín nígbà tí ìyá yín wà lórí àìsàn, ṣé ẹ ò mọ ọdún tó ń ṣe ni? Ẹni tí a mọ̀ dunjú, kí la fẹ́ fi ìkíni àlejò kí i fún?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ̀sìn kì í pààlà sáàárín ilé. Àwọn àgbà ní ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan nìgbàgbọ́ wọlé dé. Ìgbàgbọ́ tó dé lọ́sàn-án náà ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa: 1855 ni Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, dé ìlú yìí, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ sílẹ̀ níbí ní 1898. Ọba wa tó wà lórí ìtẹ́, Ṣọ̀ún Ghandi Afọlábí Ọláoyè, pásítọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó gorí àpèrè ní 2023; lónìí, àwọn náà lọba Mùsùlùmí, àwọn náà lọba oníṣẹ̀ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní 2000. Kérésìmesì ọdún náà bọ́ sí ìparí ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Onítẹ̀bọmi ni wá nílé ọkọ mi, a sì se ìrẹsì bí a ti máa ń ṣe. Ìyàwó kékeré kan nínú ilé fẹ́ gbé abọ́ lọ fún àwọn ará ilé kejì lọ́sàn-án gangan. Ìyá ọkọ mi ní, "Gbé e padà, ṣé o ò mọ̀ pé wọ́n ń gbààwẹ̀ ni?" Wọ́n bu tiwọn sọ́tọ̀ sínú kúlà kó má baà tutù. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun àṣálẹ́ la tó gbé e lọ fún ìṣínu, tí a sì kí wọn pé ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Àwọn náà kí wa kú ọdún Kérésìmesì, wọ́n dárúkọ ẹ̀ gbangba. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n túnu, abọ́ tiwa padà wá pẹ̀lú ẹran. Kò sí ẹni tó yí ẹ̀sìn padà nínú wa títí di òní.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń kọ́ yín, pé ẹni tó bá kí ọlọ́dún ti bá a lọ́wọ́ sí ìsìn rẹ̀. N kò ní bá aṣíwájú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á láti dárúkọ Kérésìmesì tàbí Iléyá, kó sọ pé, "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé." Ó tó bẹ́ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má sì fi dandan mú un sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá jẹ ẹran yín, ẹ má fi ṣe ìbínú. Ohun tí n kò lè fọwọ́ sí ni kéèyàn dákẹ́ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe mí láàánú jù ni àwọn oníṣẹ̀ṣe. Bí egúngún bá jáde, gbogbo yín lẹ ń sáré tẹ̀ lé e, ẹ ń ya fídíò. Mélòó nínú yín ló ń yà nílé àwọn ọ̀jẹ̀ láti sọ pé, ẹ kú ọdún Egúngún? Bẹ́ẹ̀, ọmọ yín wà lára àwọn tó ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ wọn. Ní Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí wa, àjọ UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ibẹ̀ sínú ìwé àṣà àgbáyé ní 2023. Ẹni tó wà lókè òkun gbọ́, ará ilé kejì ò gbọ́? Ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ ni ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ẹ kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà yín, kẹ́ ẹ sì kí àwọn tó ni ín.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé fún ilé iṣẹ́, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lè kọ "ẹ kú òpin ọdún" síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dárúkọ Kérésìmesì lóṣù Kejìlá, ẹ ti jẹ gbèsè Iléyá àti Ìṣẹ̀ṣe nìyẹn.

Ọdún àwọn Mùsùlùmí fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kéré sí ti kàlẹ́ńdà ara ògiri, ìdí nìyí tí ààwẹ̀ fi ń yí kiri. Ní 2024, Àjíǹde bọ́ sínú ààwẹ̀. Ní 2030, ààwẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún kan: ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, èkejì ní nǹkan bí ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí, bóyá ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ni àwọn ará ilé kejì á máa wá oṣù. Lọ́dún náà, ẹ tètè se ìrẹsì yín, kẹ́ ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ sì kí wọn kú ìmúra ààwẹ̀.

Èmi ni ìyá yín,
Òkè-Ẹlẹ́rìn, Ògbómọ̀ṣọ́.