Ẹ má pe Hakeem ní ẹni tó fìdí rẹmi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, fẹ́ńdọ̀ àdúgbò wa sì mọ̀ pé kó yọ tèmi sílẹ̀ kó tó tà á tán. Nínú ẹ̀dà yín kan láìpẹ́ yìí, ẹ kọ nípa àwọn ọmọ Yorùbá tó lókìkí nínú eré ìdárayá. Inú mi ń dùn bọ̀ títí mo fi dé ibi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé Hakeem Ọlájùwọ́n, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, fìdí rẹmi ní Yunifásítì Houston kó tó wá là ní NBA, líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Gbólóhùn kan péré ni. Ó kọjá lọ síbi ife ẹ̀yẹ 1994 àti 1995, bí ẹni pé ohun tó ṣáájú kò tó sọ. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mi ò lè parí oúnjẹ ọ̀sán mi.

Mo wà ní Houston lọ́dún 1983, Olóòtú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo jẹ́ nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé ti dáwọ́ dúró. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìjọba Ààrẹ Shagari ti fún ìnáwó pa láti 1982, ọ́fíìsì tó yẹ kó san owó ilé-ìwé mi kò sì dáhùn lẹ́tà mẹ́ta tí mo kọ sí wọn. Abọ́ ni mò ń fọ̀ nílé oúnjẹ kan lálẹ́. Irú wa pọ̀ ní Houston nígbà yẹn, ọmọ Èkó, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tá à ń kàwé lọ́sàn-án tá à ń fi òru ṣiṣẹ́. Bí olùkọ́ bá ń pe orúkọ ní kíláàsì, bó bá kan tèmi, á pè é dé ìdajì, á dákẹ́, á gbójú sókè máa wá ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, nínú bọ́ọ̀sì, lórí rédíò, nílé ìtajà, orúkọ kan tó jẹ́ tiwa ni gbogbo ìlú ń pè. "Akeem" ni wọ́n ń kọ nígbà náà, 1991 ló tó fi H síwájú rẹ̀. Wọn ò rí ohùn Ọlájùwọ́n gbé bó ṣe yẹ, àmọ́ wọ́n ń pè é parí. Ẹni tí kò tíì gbé ìlú onílùú kò lè mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún èèyàn.

Kí ẹ sì rántí ibi tí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 21 oṣù Ṣẹẹrẹ 1963. Handball àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbá, ọmọ Muslim Teachers' College ni. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. 1980 ló dé Houston, odindi ọdún kan ni kò sì fi lè wọ pápá fún yunifásítì, torí òfin ìdíje kò tíì gbà á láyè. Ní àsìkò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, Fonde Recreation Center ló ń lọ, níbi tí Moses Malone, àgbà nínú NBA, ti ń fi èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ kọ́ ọ bí ọkùnrin ṣe ń dúró lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ní 1982 tí ikọ̀ Yunifásítì Houston dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá NCAA, ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ní New Orleans, North Carolina tí Michael Jordan wà nínú rẹ̀ ló fi 68 sí 63 dá wọn padà. Ìyẹn gan-an ni ó jẹ́ kí gbogbo wa máa retí sáà tó tẹ̀ lé e.

Sáà ọ̀hún kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Syracuse nà wá. Virginia nà wá ní Tokyo, bẹ́ẹ̀ sì ni Ralph Sampson tó jẹ́ òpómúléró wọn kò wọ pápá lọ́jọ́ náà nítorí àìsàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò rí wa gbé ṣe mọ́. Ìdíje 26 ni a jáwé olúbori léra léra. Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, lẹ́yìn tí wọ́n lu ikọ̀ Pacific bí ẹni lu bàrà, 112 sí 58, Thomas Bonk tó ń kọ̀ròyìn fún Houston Post sọ wọ́n ní Phi Slama Jama, bí ìgbà tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n fò sókè kí wọ́n sì ki bọ́ọ̀lù bọ inú apẹ̀rẹ̀. Clyde Drexler ń fò bí àṣá. Michael Young wà níbẹ̀, Larry Micheaux wà níbẹ̀, Alvin Franklin tó ń darí bọ́ọ̀lù kò ju ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Guy Lewis, kì í fi táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sílẹ̀, funfun tó ní àmì tótòtó pupa. Tí nǹkan bá le, á fún un mọ́ ọwọ́, á máa fi eyín gé e.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí àyè wọ Hofheinz Pavilion, gbọ̀ngàn tí ikọ̀ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Òkè pátápátá ni mo jókòó sí, n kò rí ojú ẹnikẹ́ni dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró. Alátakò á sáré wọlé, á fò sókè, ọwọ́ gígùn kan á yọ láti ẹ̀yìn, ẹ ó gbọ́ "pàá!", bọ́ọ̀lù ti dé àárín àwọn òǹwòran. Gbogbo ilé á dìde. Èmi náà á dìde, maa máa sọ fún obìnrin òyìnbó tó jókòó tì mí pé, "Ọmọ wa ni o! Ọmọ wa ni!" Kò mọ ohun tí mò ń wí, ṣùgbọ́n ó dì mọ́ mi.

Nígbà tí ìdíje NCAA bẹ̀rẹ̀, ìdíje tó jẹ́ pé ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan á padà sílé, a borí Maryland, a borí Memphis State, a fi 89 sí 71 lé Villanova lọ. Lẹ́yìn náà ni Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Ilẹ̀ gíga ni, ó lé ní mítà 1,500 sókè omi òkun, mímí lásán ń ṣòro fún ẹni tó ń sáré níbẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, 2 oṣù Igbe, a pàdé Louisville. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣíwájú. Lẹ́yìn ìsinmi ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó, tí bọ́ọ̀lù ń rọ́ wọ apẹ̀rẹ̀ láti òkè bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán. 94 sí 81. Hakeem nìkan gba àmì 21 wọlé, ó gba bọ́ọ̀lù 22 tó ta padà lára apẹ̀rẹ̀, ó sì gbá 8 dànù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ jù ú. Olóòtú, ẹ bá mi bi òǹkọ̀wé yín bóyá ẹni tó fìdí rẹmi ló ń ṣe irú èyí.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni àṣekágbá bọ́ sí, 4 oṣù Igbe. Àwa mọ́kànlá ni a há mọ́ yàrá kan, tẹlifíṣọ̀n kékeré, wáyà hángà ni a fi ṣe ẹ́ríà rẹ̀. A kò rí gàrí, pòtéètò gbígbẹ inú páálí ni a rò, a sì fi ẹ̀gúsí tí ìyá ẹnì kan fi ránṣẹ́ láti Ṣágámù se ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. North Carolina State tí a fẹ́ bá gbá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n ti nà wọ́n lọ́dún yẹn. Wọ́n ń fi àmì kan, àmì méjì yọ́ kọjá ni: Pepperdine 69 sí 67, UNLV 71 sí 70, Virginia 63 sí 62. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Drexler ti gba fáàlù mẹ́rin kí wọ́n tó lọ sinmi, a sì fi 33 sí 25 wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n padà dé, a gbá 17 wọlé, àwọn gbá 2. Ó di 42 sí 35. Yàrá wa dà bí ibi tí wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ. Ibẹ̀ ni Guy Lewis ti ní kí wọ́n dẹ eré sílẹ̀, kí wọ́n di bọ́ọ̀lù mú, kí àsìkò máa lọ. Nígbà náà, kò sí aago tó ń lé ẹni tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ nínú ìdíje NCAA. Sáà 1985 sí 1986 ni wọ́n tó fi ti ìṣẹ́jú àáyá 45 sí i fún gbogbo yunifásítì. Ikọ̀ tí gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú eré sísá wá ń rìn. Mo bọ̀wọ̀ fún Lewis, òun ló gba ọmọ wa sílé, wọ́n sì fi í sínú gbọ̀ngàn àwọn ẹni ńlá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní 2013 kó tó kú ní 2015. Ṣùgbọ́n ìpinnu yẹn ló pa wá, títí dòní ni mo fi gbà bẹ́ẹ̀. Jim Valvano, akọ́nimọ̀ọ́gbá North Carolina State, rí i kíá. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fáàlù sí wa, kí a máa lọ ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, a sì ń jù ú sí ìta.

Ó di 52 sí 52. Wọ́n ṣe fáàlù sí Franklin, ọmọ kékeré yẹn, ó jù ú, kò wọlé. State di bọ́ọ̀lù mú, wọ́n ń dúró de ìkẹyìn. Benny Anders na ọwọ́, ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ó ku díẹ̀ kó jí i gbé. Dereck Whittenburg rí i mú, ó jù ú láti ọ̀nà jíjìn réré. A rí i gbogbo wa pé kò ní dé, ó kúrú. Lorenzo Charles ti wà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó gbà á lójú òfurufú, ó ki bọ́ọ̀lù náà bọlé. 54 sí 52. Àsìkò tán.

Ọkùnrin tó jókòó níwájú mi, ẹni tó padà di baba àwọn ọmọ mi, ti bu òkèlè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró láàárín abọ́ àti ẹnu. Ọbẹ̀ ń kán sórí sòkòtò rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò mọ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n, Valvano ń sáré káàkiri pápá, ó ń wá ẹni tó máa dì mọ́. Ọkọ mi kò gbé òkèlè náà sẹ́nu. Ó dá a padà sínú abọ́, ó sì lọ fọwọ́.

Òǹkọ̀wé yín ka èsì, ó rí i pé a pàdánù, ó parí ìwé rẹ̀ síbẹ̀. Ó yẹ kó kà á síwájú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Hakeem gba àmì 20 wọlé, ó gba bọ́ọ̀lù 18 lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, òun sì ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ ní ìpele ìkẹyìn ìdíje náà, òun tí ikọ̀ rẹ̀ pàdánù. Láti ọdún yẹn wá, ẹnikẹ́ni láti ikọ̀ tó pàdánù kò gba oyè náà mọ́ nínú ìdíje àwọn ọkùnrin. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín. Ìdíje 31 ni wọ́n jáwé olúbori lọ́dún náà, mẹ́ta péré ni wọ́n pàdánù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Drexler ti lọ sí NBA, síbẹ̀ Hakeem tún mú wọn dé àṣekágbá ní Seattle, kí Georgetown ti Patrick Ewing tó fi 84 sí 75 borí wọn. Ọdún mẹ́ta léra léra ni wọ́n wà lára ikọ̀ mẹ́rin ìkẹyìn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Torí ìyẹn ni Houston Rockets, ikọ̀ NBA ti ìlú náà, fi kọ́kọ́ mú un nígbà tí àwọn ikọ̀ NBA ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní 1984, kí ikọ̀ mìíràn tó mú Jordan pàápàá. Ewing tó borí rẹ̀ ní Seattle, òun náà ni Hakeem borí nígbà tí Rockets na Knicks, ikọ̀ Ewing, ní 1994. Nígbà tó di 1995, Drexler ti padà wá bá a, àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ pàdánù ní Albuquerque sì jọ gba ife NBA.

Ọkọ mi ti di olóògbé. Ní oṣù Igbe 2025, èmi àti ọmọ ọmọ mi ọkùnrin ni a jọ jí wo àṣekágbá NCAA láàárín Houston àti Florida lórí fóònù rẹ̀, aago méjì òru kù díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Nígbà tí a fi àmì 12 ṣíwájú lẹ́yìn ìsinmi, ọmọ náà ti ń pàtẹ́wọ́. Mo ní kó rọra. Florida ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ (ọmọ Nàìjíríà kan, Rueben Chinyelu, wà nínú wọn), ó sì di 65 sí 63. Ní ìṣẹ́jú àáyá ìkẹyìn, Emanuel Sharp fò sókè kó jù ú, alátakò ti bò ó, ó ní láti jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀, kò sì lè fọwọ́ kàn án mọ́. A kò rí bọ́ọ̀lù kan jù. Àmì méjì tún ni. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Màmá, ṣé bó ṣe rí nígbà yẹn náà nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì sọ gbogbo èyí fún un títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀, Olóòtú: ẹ ṣe àtúnṣe gbólóhùn yẹn nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀. Ojú ìwé ìròyìn ìlú Houston ti ọjọ́ kejì àṣekágbá náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi nínú àpótí, ó ti pọ́n, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti ń já. Bí òǹkọ̀wé yín bá fẹ́ rí i, kó wá sí Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ tó bá wù ú. Maa se oúnjẹ dè é. Ó lè yà á ní fọ́tò, ṣùgbọ́n kò ní gbé e kúrò nílé mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.