Ojú Pọ̀ Nínú Ìwé, Orúkọ Kò Sí

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí ọ̀rọ̀ kan ń ká mi lára láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo ti ra ìwé aláwòrán ràbàtà tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, irú èyí tí à ń gbé sórí tábìlì pálọ̀ kí àlejò lè máa ṣí i wò. Ìtàn ìlú kan ni ó dá lé. Fọ́tò àtijọ́ inú rẹ̀ lé ní 200, bébà rẹ̀ ń dán, ó sì wúwo débi pé ọmọdé kò lè dá a gbé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti páálí iwájú dé páálí ẹ̀yìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí orúkọ ènìyàn mẹ́wàá. "Àwọn oníṣòwò", "ìdílé kan", "àwọn ọmọ ilé-ìwé nígbà àtijọ́" ni wọ́n kọ sábẹ́ gbogbo ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni a jọ jókòó ti ìwé náà. Nígbà tí a dé ojú ewé tí obìnrin mẹ́rin ti dúró níwájú ilé kan, Màmá yọ ìgò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú, wọ́n sì gbé ìka lé ẹni kẹta. "Èyí tó fọwọ́ òsì di ìbàdí mú yìí, mo mọ̀ ọ́n. Bó ṣe máa ń dúró nìyẹn, torí orúnkún tó ń dùn ún." Wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọ́n dárúkọ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì sọ iṣẹ́ tó ṣe títí tó fi kú. Ìwé ní tirẹ̀ kò sọ ju "obìnrin mẹ́rin" lọ. Ṣé a ó wá san owó gọbọi fún ẹni tó ń bá wa ka iye orí ni? Àwa náà mọ̀ ọ́n kà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn, bóyá ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tí kò lè ka ojú ewé mẹ́ta nínú ìwé ìtàn tí ọ̀rọ̀ kún bámúbámú yóò jókòó ti aláwòrán fún odidi wákàtí kan, nítorí ibi tó bá wù ú ni ó ti lè ṣí i, ẹni méjì sì lè jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé ọ̀kan ń dá èkejì dúró. Bí ó bá jẹ́ àwòrán òpópónà, ojú á kọ́kọ́ wá ilé tí ènìyàn mọ̀, lẹ́yìn náà á wá èyí tí wọ́n ti wó, kó tó wá kan bàtà àwọn èrò, ajá tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àti ọmọ kan tó sáré kọjá níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán tí ara rẹ̀ fi dà bí èéfín. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń pè é ní ọ̀ṣọ́ pálọ̀ lásán kò tíì rí bó ṣe ń mú àgbà sọ̀rọ̀. Ohun tó jẹ́ kí àìsí orúkọ dùn mí tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Kì í sì í ṣe pé àṣà tuntun ni mo ń béèrè. Ní ọdún 1843, nígbà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí aráyé kọ́kọ́ gbọ́ nípa fọ́tò, Anna Atkins, obìnrin onímọ̀ ewéko kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé kan jáde tó kún fún fọ́tò ewé inú òkun, ó sì kọ orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan sára àwòrán rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, William Henry Fox Talbot, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ fọ́tò sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìwé aláwòrán tirẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tó fi ṣàlàyé àwòrán òpópónà kan ní Paris, ó sọ pé ojú fèrèsé òkè òtẹ́ẹ̀lì kan ni òun ti yà á, pé ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ni ẹni tó ń wò ó kọjú sí, pé ọ̀sán ni, pé ooru mú, eruku wà, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sójú ọ̀nà ni. Ewé òkun rí ẹni dárúkọ rẹ̀ ní 1843, ìyá arúgbó kò rí ẹni dárúkọ tirẹ̀ lónìí.

Àìbìkítà náà kò mọ síbẹ̀. Wọ́n tẹ àwòrán kan ní òdìkejì. Mo fura nígbà tí mo rí i pé bọ́tìnnì ẹ̀wù gbogbo àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ, àfìgbà tí mo sì gbé dígí sí i kí n tó lè ka àkọlé ara ògiri ẹ̀yìn wọn. Òmíràn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ojú ewé méjì, ẹni tó jókòó láàárín, tó dájú pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ya fọ́tò náà, bá ibi tí wọ́n ti rán ìwé pọ̀ wọlé, ó ku etí rẹ̀ méjèèjì níta.

Síbẹ̀ àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí, àti àwọn aláṣẹ tó ń fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́, mọ bí a ti ń kọ àlàyé sábẹ́ àwòrán. Fọ́tò àwọn aláṣẹ wà ní iwájú ìwé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní orúkọ, oyè àti ipò lábẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò le. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, kí wọ́n tẹ gbogbo àwòrán náà sórí bébà lásán, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tẹ́ wọn sórí tábìlì ní ilé ìkàwé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní àkókò tí ọwọ́ àwọn àgbà máa ń dilẹ̀. Kí ọ̀dọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá jókòó sídìí tábìlì kọ̀ọ̀kan, kó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀: nọ́ńbà, orúkọ, ẹni tó sọ ọ́, àti bí onítọ̀hún ṣe mọ̀. Kí wọ́n gbé ẹ̀dà lọ bá àwọn tí kò lè jáde nílé. Bí ọ̀rọ̀ ẹni méjì bá ta kora, kí olóòtú ìwé má ṣe yan ọ̀kan tipátipá, kó tẹ méjèèjì, torí àríyànjiyàn náà wà lára ìtàn. Kí wọ́n sì da ẹ̀yìn àwòrán dé, kí wọ́n kọ ohunkóhun tí wọ́n bá bá níbẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ méjì péré. Yóò fi oṣù méjì dá iṣẹ́ dúró, lóòótọ́. Àwòrán tó ti wà nínú àpótí láti ọgọ́ta ọdún lè fara da oṣù méjì, ẹni tó mọ ojú inú rẹ̀ ni kò ní àkókò.

Kí atọ́ka orúkọ wà lẹ́yìn ìwé. Kí ẹ̀dà wà ní ilé ìkàwé fún ẹni tí kò lágbára àtirà. Ẹni tó bá sì ní àwòrán nílé, kó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, kó má lo bíró, tí ojú rẹ̀ máa ń yọ síwájú.

Ní ti ẹ̀dà tèmi, mo ti kọ orúkọ ẹni kẹta síbẹ̀. Màmá ní àwọn yóò rántí ẹni kìíní bí mo bá ní sùúrù di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni kejì àti ẹni kẹrin ni wọn kò mọ̀ rárá. Bí ìwé náà bá wà lọ́wọ́ òǹkàwé yín kan, ojú ewé 112 ni kó ṣí.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín látọjọ́ pípẹ́.